Ẹ Jẹ́ Kí Kíláàsì Àwọn Ìyá Ìjọ Bá Wọn Dé Ìsọ̀

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah àti Sangotedo a jókòó láti to ètò ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìjọ kan sí èkejì: ọ̀sẹ̀ àwọn ìyá, àwẹ̀ àti àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, Sọ́ńdè ìdúpẹ́ tí gbogbo wọn yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́, ìbẹ̀wò sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, àti Sátidé kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́. Ní Sátidé yìí, ẹnì kan á kọ́ wọn ní ọṣẹ olómi, ẹlòmíì á kọ́ wọn ní gèlè wíwé, ẹnì kẹta á yan kéèkì lójú wọn. Nígbà tó bá fi máa di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti ya fọ́tò, oníkálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, Sátidé yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ fagi lé nínú ètò náà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ dára, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ìjọ ni kíláàsì náà ń parí sí, kì í bá obìnrin kankan dé ibi tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àbá mi kò le: kí ẹgbẹ́ obìnrin mú iṣẹ́ kan tàbí méjì péré lọ́dún, kí wọ́n kọ́ ọ dé òpin, kí olùkọ́ sì máa tọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìsọ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Ohun tí olùkọ́ bá rí ní ìsọ̀ ni kí wọ́n fi to ètò ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ó sì yẹ kí a wo àwọn tó jókòó nínú ìjọ kí a tó pinnu ohun tí wọn yóò kọ́. Orúkọ Lekki a máa tan ará òkèèrè jẹ. Ilé alájà mẹ́ta, géètì ẹ̀sítéètì àti ọkọ̀ olówó ńlá ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun Raji Rasaki fi katapílà wó Maroko, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé, àwọn kan nínú wọn sì lọ fara pamọ́ sí àwọn ilé ìjọba tí kò tíì parí ní Ilasan àti Ikota. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn ẹ̀sítéètì olówó wà lónìí. Bí a bá kọjá VGC tí a sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ajah, a ó rí obìnrin tó ń ta ata lọ́jà, èyí tó ń sun ẹja lójú ọ̀nà Badore, èyí tó ń se oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà ní ìhà Ibeju-Lekki, èyí tó jókòó ti ẹ̀rọ POS lábẹ́ agboòrùn, àti ọmọbìnrin tó ń bá mádàámú ṣiṣẹ́ ilé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú lọ́yà, òṣìṣẹ́ báńkì àti ìyàwó oníṣẹ́ epo ló jọ ń jókòó lórí àga kan náà. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ìbáà ṣe Mothers' Union ní ìjọ Áńgílíkà, WMU ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ní CAC, Good Women ní Rìdíìmù tàbí CWO ní ìjọ Kátólíìkì. Ìpín kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: àwọn tí owó oṣù ń wọlé fún, àti àwọn tí kò ní rí owó ọbẹ̀ bí wọn kò bá pàtẹ lónìí. Ètò tí a tò láì fi ojú wo ìpín yìí, àwọn tó ń gba owó oṣù ni yóò máa bá lára mu.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá eré, nítorí owó ọjà obìnrin ló gbé ọ̀pọ̀ ilé dúró báyìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ ti lọ sókè, gáàsì ìdáná àti ìrẹsì sì tẹ̀ lé e. Ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní 2024, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn kò ní ọ̀gá tí yóò fi kún owó tirẹ̀. Inú òwò rẹ̀ ni àfikún ti lè jáde, bí òwò náà bá lè gbèrú. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ìgbìmọ̀ bi ara wọn kò ju ẹyọ kan lọ: nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ kọ́ àwọn obìnrin yìí, èwo ni yóò hàn nínú èrè wọn ní oṣù mẹ́fà sí i?

A kò ní láti máa méfò lórí ìdáhùn rẹ̀, nítorí wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní ìtòsí wa níbí, ní Lomé ní ilẹ̀ Tógò. Ní 2014, àwọn olùwádìí mú 1,500 oníṣòwò kéékèèké, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan gba ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí gbogbo wa mọ̀: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, ìwé àkọsílẹ̀. Apá kejì gba ẹ̀kọ́ ìdánúṣe, bí ènìyàn ṣe lè wá ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò tíì máa tà, bó ṣe lè ro ohun tó lè dènà rẹ̀ kí ó tó dé, àti bó ṣe lè gba ọ̀nà mìíràn yọ bí nǹkan bá kọ̀. Apá kẹta kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2017. Èrè àwọn tó kọ́ ìdánúṣe fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ti àwọn tó kọ́ ìṣirò owó fi nǹkan bí ìdá 11 ga, ìyàtọ̀ tí kò pọ̀ tó láti fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á. Láàárín àwọn obìnrin, àlàfo yìí tún fẹ̀ sí i, nítorí ìdá 40 ni èrè àwọn tó kọ́ ìdánúṣe fi ga, nígbà tí ti àwọn tó kọ́ ìṣirò owó jẹ́ ìdá 5 péré.

Ohun tó yẹ kí àwọn ìyá ìjọ fi etí sí jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe lo àkókò. Wákàtí 36 ni wọ́n fi kọ́ àwọn ènìyàn náà, ìjókòó 12 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ tọ oníkálukú lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́rin. Apá méjèèjì tó kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe èyí fún, tó fi hàn pé ìbẹ̀wò nìkan kò tó. Bí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò bá bá ìgbésí ayé ọlọ́jà mu, bíbẹ̀ ẹ́ wò kò ní sọ ọ́ di ohun tó wúlò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣe. Ìwádìí mìíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní 2015 láti ọwọ́ Abhijit Banerjee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lórí ìdílé tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Gánà àti Ethiopia wà nínú wọn. Wọ́n fún àwọn aláìní ní ohun tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó, wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa fi owó pamọ́, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò léraléra. Ọdún kan lẹ́yìn tí gbogbo ìrànwọ́ náà ti parí, ìgbé ayé àwọn ìdílé náà ṣì sàn ju ti àwọn tí wọn kò ṣe é fún. Níbi tí ẹ̀kọ́ bá ti so èso, ẹnì kan wà tí kò fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kíláàsì parí.

Àwa Yorùbá ní ẹ̀rí tiwa tó dàgbà ju ti Lomé lọ. Ní 1932, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tó kàwé dá Abẹ́òkúta Ladies' Club sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ìjọ kan pàtó, àmọ́ àwọn obìnrin inú ìjọ ló kún inú rẹ̀, aṣọ rírán àti oúnjẹ àsè sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí a bá gbé ètò wọn ìgbà náà sí Lekki lónìí, kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ní nǹkan bí 1944, wọ́n mú obìnrin ọlọ́jà kan wá sọ́dọ̀ Ransome-Kuti, obìnrin náà sì ní òun fẹ́ mọ̀wé kà. Bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé nìyẹn. Àwọn tó wá kàwé yìí kò fi ìṣòro ọjà sílẹ̀ nílé. Wọ́n ròyìn bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsan owó tó tọ́. Ní 1945, ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìjọba lọ, wọ́n gbé e dé inú ìwé ìròyìn, gbígba ìrẹsì náà sì dáwọ́ dúró. Ní 1946 orúkọ ẹgbẹ́ yí padà sí Abẹ́òkúta Women's Union, ọ̀rọ̀ owó orí obìnrin sì di iṣẹ́ wọn. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa: ìwọ́de tó gba ìlú kan, àti Aláké Adémọ́lá Kejì tó fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949.

Mi ò sọ pé kí àwọn Good Women Ajah lọ máa bá ọba jà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni ọ̀nà tí ètò ẹgbẹ́ gbà ń gbọ́n sí i. Àwọn obìnrin tó kàwé ní Abẹ́òkúta kò jókòó sínú pálọ̀ kí wọ́n fọkàn rò ó pé ìrẹsì ló ń dun ọlọ́jà. Kíláàsì ló sún wọn mọ́ ọjà, ọjà ló sì sọ iṣẹ́ tó kàn fún wọn. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà yìí tún kọ́ àwọn tó kàwé lẹ́kọ̀ọ́, bóyá ju bó ṣe kọ́ àwọn tí kò kàwé lọ. Bí wọ́n bá ti ṣe é ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n pín ìwé ABD, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n sì túká, ẹnikẹ́ni kì bá tí gbọ́ nípa ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ irú bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu ọlọ́jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pàdé ìyá tó wọ léèsì. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ti jókòó pọ̀ léraléra.

Ẹ jẹ́ ká fi ọṣẹ olómi Sátidé wa dán èyí wò. Ká ní obìnrin kan gbé ìgò mẹ́wàá kúrò ní kíláàsì. Àwọn ará ìjọ ra mẹ́fà nítorí ojú. Ó gbé ìyókù dé súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní ìhà Abraham Adesanya, wọ́n sì béèrè nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọṣẹ wà lára ohun tí àjọ náà ń ṣàkóso. Bí kò bá sí ẹni tó bá a dé ibẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin ọgọ́ta ti kọ́ṣẹ́, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á sì tún kọ́ àwọn ọgọ́ta mìíràn ní ọṣẹ kan náà. Olùkọ́ tó bá bẹ̀ ẹ́ wò lóṣù kejì ni yóò rí ibi tí òwò náà há sí, tí kíláàsì tó kàn yóò sì dá lórí bí obìnrin márùn-ún ṣe lè para pọ̀ forúkọ òwò kan sílẹ̀ kí wọ́n sì jọ ru ìnáwó nọ́ńbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìlera. Nígbà tí àrùn kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Etí-Ọ̀sà wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó kàn jù. Ẹni tó bá dúró ní ìsọ̀ olóúnjẹ fún wákàtí kan yóò rí ibi tí omi ìfọwọ́ ti ń wá àti ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ohun tí ìwàásù ìmọ́tótó láti orí pẹpẹ kò lè fi hàn án. Kíláàsì lórí omi, ọwọ́ fífọ̀ àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà kan omi tó mọ́, ń gba ẹ̀mí là. Ó tún ń gba òwò là, nítorí oníbàárà kì í padà sí ìsọ̀ tó ti jẹ ohun tó yọ ọ́ lẹ́nu.

Bí a bá gbà pé kíláàsì gbọ́dọ̀ bá ọlọ́jà lọ, àkókò náà gbọ́dọ̀ bá a mu. Ìdajì ìjà tí ètò wa ń pàdánù, orí kàlẹ́ńdà ló ti ń pàdánù rẹ̀. Sátidé ni ọjà ń tà jù. Obìnrin tó bá ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti san owó ilé ìwé tí a kò kọ sínú ìwé ìpè. Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹni tó ń jáde láti inú Langbasa yóò dúró de kòròpe, yóò sì tún pàdé sún kẹrẹ fà kẹrẹ ojú ọ̀nà Lekki sí Epe bó bá jẹ́ pé Phase 1 ni wọ́n pè é sí. Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè ni gbogbo wọn ti wà nínú ìjọ, tí wọ́n sì ti san owó ọkọ̀ wọn. Kí wọ́n lo wákàtí kan àti ààbọ̀ níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, láti ìparí oṣù kìíní, kí ó lè parí kí òjò ńlá tó dé tí ọ̀pọ̀ àdúgbò wa yóò kún fún omi. Ìbẹ̀wò sí ìsọ̀ yóò bọ́ sí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹjọ, ìgbà tí òjò ń dán òwò wò, tí obìnrin sì nílò ẹni tó máa bá a rò ó jù. Kí àwọn ọ̀dọ́ máa bá wọn mójú tó ọmọ wẹ́wẹ́. Ní ti ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé, mádàámú rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ni yóò yọ̀ǹda rẹ̀, ìyẹn sì lè jẹ́ ọrẹ tó tóbi jù tí mádàámú náà ṣe lọ́dún.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, pé ìhìnrere ni iṣẹ́ rẹ̀, pé bí kíláàsì bá pọ̀ jù, àdúrà yóò dín kù. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun ìfiṣẹ̀sín, nítorí a ti rí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀mí tó sì parí sí owó. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí wọ́n fi ń gbéjà kò wá kò dúró lẹ́yìn wọn. Aṣọ tí Dọ́káàsì rán fún àwọn opó ni wọ́n gbé hàn Pétérù ní Jọ́pà. Oníṣòwò aṣọ elésè-àlùkò ni Lídíà, ilé rẹ̀ sì ni Pọ́ọ̀lù dé sí ní Fílípì. Obìnrin inú Òwe orí kọkànlélọ́gbọ̀n, tí a máa ń ka orí rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àwọn ìyá, ra oko ó sì ṣòwò. Lẹ́tà sí Títù gbé iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin lé àwọn àgbà obìnrin lọ́wọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbẹ̀wò kì í ṣe nǹkan tuntun nínú ìjọ. A ń bẹ aláìsàn wò, a ń bẹ ọlọ́fọ̀ wò, a ń bẹ abiyamọ wò. Bíbẹ ọlọ́jà wò ní ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn kan náà, ibẹ̀ sì ni obìnrin ti lè sọ ohun tí kò lè sọ níwájú ìjọ, yálà gbèsè tí àwọn agbowó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń lé e kiri fún tàbí ọkọ tó ń nà án.

Àtakò kejì dá lórí iye ènìyàn. Wọn yóò ní ọjọ́ Sátidé yẹn máa ń kó ọ̀pọ̀ obìnrin jọ, àwọn àlejò pàápàá, kí ló dé tí a ó fi kó gbogbo agbára wa lé obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré tí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lè gbà lórí? Òótọ́ ni pé èrò yóò dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí à ń kà. Bí a bá ń ka orí àwọn tó wá, ọjọ́ kan náà ni yóò borí. Bí a bá ń ka ìsọ̀ tó ṣì ṣí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí bí ọjọ́ kan ṣe fẹ́ borí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún di márùndínlọ́gọ́rin ní ọdún márùn-ún, àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ yóò sì ti di olùkọ́ àti olùbẹ̀wò fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí àwọn obìnrin bá sì fẹ́ràn gèlè àti kéèkì nítorí ìgbádùn, kí wọ́n ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìgbádùn, ìgbádùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí a má ṣáà pè é ní ìrànwọ́ fún aláìní.

Wọn yóò tún béèrè ibi tí owó yóò ti wá. Ká ní obìnrin ọgọ́ta wà nínú ẹgbẹ́, tí oníkálukú sì san ₦20,000 fún aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí. ₦1,200,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá mú aṣọ tí owó rẹ̀ jẹ́ ìdajì, ₦600,000 yóò ṣẹ́kù, iye tó lè fún obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ₦40,000 ohun èlò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìjọ kò sì ní láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ààrò ìyankéèkì, nítorí ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, WAPA, ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ lè fi ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n san owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ìjọ wá mú apá tí ìjọba kì í sábà ráyè fún, ìyẹn bíbẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà bá ń dá àjọ láàárín ara wọn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn yóò ti ní owó tiwọn lọ́wọ́ kí kíláàsì tó parí, a ó sì mọ ẹni tó dúró ṣinṣin kí a tó fi ohun èlò lé e lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní kí a kàn máa kọ́ wọn lórí WhatsApp, kí a bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nà Ajah. WhatsApp wúlò fún ìránnilétí, iye owó ọjà àti fọ́tò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n dátà gba owó, àwọn tí a sì ń wá jù ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gba owó oṣù ni ó yẹ kí ẹ̀rọ náà pè síṣẹ́. Iṣẹ́ wọn nínú ètò yìí kọjá owó dídá. Oníṣirò owó inú ìjọ lè jókòó ti alákàrà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó bá a ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀. Lọ́yà lè ka ìwé ìyáwó kí obìnrin tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì lè ṣàlàyé abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Bí oníkálukú wọn bá gba ìsọ̀ kan ṣoṣo láti máa bẹ̀ wò fún oṣù mẹ́rin, olùbẹ̀wò kò ní wọ́n ẹgbẹ́.

Ohun kan ṣì wà tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ìyàwó àlùfáà ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Bí wọ́n bá gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn, ètò a bá a lọ, ẹni tuntun a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ ẹgbẹ́. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ni ó di ètò náà mú, kí ọlọ́jà méjì ó kéré tán wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà tí àwọn yòókù ní, kí ìwé orúkọ àti ìròyìn ìbẹ̀wò sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìyá ìjọ lè jẹ́ alága, ṣùgbọ́n ìwé ni kí ó jẹ́ ìrántí ẹgbẹ́.

Ìpàdé ètò ọdún tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé. Kí ìgbìmọ̀ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé orúkọ àwọn tó wá síbi iṣẹ́ ọwọ́ ọdún tó kọjá, kí wọ́n pe ogún nínú wọn lórí fóònù, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó kọ́, àti ohun tó dá àwọn yòókù dúró. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ń jẹ nínú iṣẹ́ náà, mo ṣetán láti gbà pé ọjọ́ kan tó, kí wọ́n sì tún un ṣe. Bí wọn kò bá rí ẹnì mẹ́ta tó ń jẹ ní ibẹ̀, ohun tó dá wọn dúró yẹn ni kíláàsì ọdún tó ń bọ̀.